Bí Mo Ṣe Gun Òkè Aláàánú Láì Gbọdọ̀ Kí Ẹnikẹ́ni

Ẹ sún mọ́ mi dáadáa. Ẹni tó bá jókòó sẹ́yìn kò ní gbọ́, mi ò sì ní tún un sọ. Àgbàdo wà nínú agbọ̀n yẹn, ẹ máa jẹ ẹ́ lọ, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fi ariwo ẹnu dí mi lọ́wọ́. Ẹ ti ń bi mí láti àárọ̀ pé kí ló kan èmi Ọdẹ́rìndé, ọmọ ọdẹ, tí mi ò ṣèrìbọmi, tí mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń ka rosari, tí mo fi ń bá àwọn ọmọ ìjọ Àgùdà gun Òkè Aláàánú lọ́dọọdún. Àwọn kan nínú yín tilẹ̀ ń sọ lẹ́yìn mi pé ìrẹsì tí wọ́n ń pín níbẹ̀ ni mo ń bá lọ. Mo gbọ́ o. Etí ọdẹ ni etí mi.

Ẹ fi ti ìrẹsì sílẹ̀. Èmi tí ẹ ń wò yìí, mo ti bá ẹfọ̀n fojú kojú lọ́jọ́ tí ìbọn mi kọ̀ tí kò dún, mo sì wà láàyè. Mo ti fi ẹ̀yìn ti igi kan rí nínú igbó, mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn kí n tó mọ̀ pé erè ni. Kò sí ọdẹ kan ní agbègbè yìí tó lè bá mi dúró, kí ẹni tó bá ní irọ́ ni dìde. Mo ti mọ̀ pé ẹ ò ní dìde. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gun òkè yẹn, ẹ̀rù bà mí láti ẹnu igbó títí dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ó bà mí débi pé eyín mi ń lu ara wọn, mi ò sì tijú láti sọ ọ́.

Ọmọ mi obìnrin, Àyìnkẹ́, ló fà á. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn dáadáa nígbà náà, ó ti ń sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀, adìẹ kan kò sì lè sinmi nínú ọgbà wa nítorí rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá rẹ̀ ń wẹ̀ ẹ́, ó ní kí n wá fọwọ́ kan àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ náà. Mo fọwọ́ kàn án. Ó tutù bí omi inú àmù. A fi òróró pa á, a yáná sí i, kò gbà. Nígbà tó yá, òtútù náà ti dé ọrùn ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà ó dé orúnkún. Ọmọ náà kò sunkún, kò ní ibà, ó kàn ń wò wá ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì gbé e mọ́. Mo já ewé títí ó fi sú mi. A gbé e dé ọsibítù, dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó mi orí, ó ní ká máa gbé e lọ sílé. Nígbà tí òtútù dé ìbàdí, èmi àti ìyá rẹ̀ kò lè wo ojú ara wa mọ́. Àwa méjèèjì mọ̀ pé bó bá dé àyà, ó parí. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó sọ ọ́ jáde. Bí èèyàn bá bi wá, a ó ní ara rẹ̀ ni kò yá díẹ̀, a dúpẹ́.

Filomẹ́nà ni orúkọ ìyá rẹ̀, ọmọ Bàbá Sílífẹ́sítà tó jẹ́ katikísì níjọ Àgùdà kó tó kú. Òun ló pè mí jókòó.

"Bàbá Àyìnkẹ́," ó ní, "ṣọ́ọ̀ṣì kan wà lórí Òkè Aláàánú. Àwọn fadá àtijọ́ ló kọ́ ọ, àwọn ìyá ìyá wa ló fi orí ru òkúta rẹ̀ gòkè. Ilé Ìyá ni, ìyá Jésù. Ẹni tí wàhálà rẹ̀ bá le kì í gba ọ̀nà mọ́tò lọ, inú Igbó Ẹlẹ́tàn ló ń gbà, ẹsẹ̀ ló sì fi ń rìn. Èmi ló yẹ kí n lọ, ṣùgbọ́n bí mo bá gbé ọmọ yìí kúrò láyà mi báyìí, òtútù yẹn á sáré. Ẹ bá mi lọ."

Mo ní ṣé kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

"Ó ku ẹyọ kan. Láti ìgbà tí ẹ bá ti wọ igbó yẹn, ẹ ò gbọdọ̀ kí ẹnikẹ́ni, ẹ ò sì gbọdọ̀ dá ẹnikẹ́ni tó bá kí yín lóhùn, títí ẹ ó fi kí Ìyá nínú ilé rẹ̀. Kíkí ni àwọn tó wà lọ́nà yẹn fi ń mú èèyàn. Ohun tí wọ́n bá béèrè lọ́wọ́ yín, tí ẹ bá ti lè ní ó wà, wọ́n á wá mú un."

Mo rẹ́rìn-ín. Filomẹ́nà kò rẹ́rìn-ín, torí ó mọ ẹni tó fẹ́. Ẹ̀yin náà sì mọ̀ mí. Kò sí ẹni tó mọ èèyàn kí tó mi nílùú yìí. Bí mo bá rí ẹni tó ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, kó tó dé ọ̀dọ̀ mi, mo ti bi í léèrè ilé, mo ti bi í léèrè oko, mo ti béèrè ewúrẹ́ tó bímọ níjelòó. Ọwọ́ ni bàbá mi fi kọ́ mi, ọwọ́ náà sì wúwo. Bí mo bá gba iwájú àgbàlagbà kọjá láì dọ̀bálẹ̀, etí mi á máa hó di ọjọ́ kejì.

"Ẹ jọ̀ọ́," Filomẹ́nà ní, "ẹ fi ìwà ọmọlúàbí yín sílẹ̀ nílé lónìí."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Mo gbé ìbọn mi, mo jáde.

Mi ò ní fi ìrìn ẹsẹ̀ dá yín dúró. Mo dé Igbó Ẹlẹ́tàn. Oòrùn wà lókè, ṣùgbọ́n kò wọ ibẹ̀. Ẹyẹ kan kò ké. Igbó tí ẹyẹ kò bá ti ké, èmi kì í wọ̀ ọ́, ẹ bi àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ mi. Mo wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Àwọn tí mo kọ́kọ́ bá ni àwọn iwin kan tó ń roko lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ojú wọn wà lẹ́yìn orí, tó fi jẹ́ pé wọ́n ń roko lọ síwájú, wọ́n sì ń wò mí bí mo ṣe ń bọ̀ lẹ́yìn wọn. Àwọn ebè tí wọ́n ń kọ ń mí. Mo rí i pẹ̀lú ojú ara mi, ebè ń lọ sókè, ó ń lọ sódò, bí ikùn ẹni tó sùn.

"Ọdẹ, ẹ kú ìrìn o," gbogbo wọn wí lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ẹ kú iṣẹ́" ti dé orí ahọ́n mi. Ta ló ń rí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ tí kò ní kí i? Mo fi eyín di ètè mi mú, mo ń rìn lọ.

"Àbí ẹ ò gbọ́ ni? A ní ẹ kú ìrìn."

Mo ń rìn lọ. Ọ̀kan nínú wọn ju ọkọ́ sílẹ̀, ó ní, "Ta ló bí èyí tí kò kọ́ ọ?" Èkejì ní ó jọ pé inú igbó ni wọ́n bí mi sí, pé ewúrẹ́ ló tọ́ mi. Wọ́n bú bàbá mi. Wọ́n bú ìyá mi tó ti kú, wọ́n sì bú ìyá tó bí ìyá mi. Ẹ̀yin náà mọ inú mi. Ẹni kan ṣoṣo ló bú ìyá mi rí nílùú yìí, ẹ lọ wo àpá tó wà létí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ju ìbínú lọ lọ́jọ́ náà, nítorí bí wọ́n ṣe ń bú mi ni àwọn ebè náà ń la ẹnu. Mo ki eré mọ́lẹ̀.

Ibi tí mo sáré dé burú ju ibi tí mo ti sá lọ. Ìlú kan ni, ilé rẹ̀ mọ́, wọ́n gbá ìta rẹ̀ dáadáa. Gbogbo ọkùnrin ìlú náà ló dọ̀bálẹ̀ sójú ọ̀nà, wọ́n na gbọọrọ, wọn kò fi àyè kankan sílẹ̀ láàárín ara wọn. Àwọn obìnrin wọn kúnlẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Arúgbó sì ni gbogbo wọn. Irun wọn funfun, awọ ọrùn wọn ti hunjọ. Ẹni tó lè bí bàbá mi ló dọ̀bálẹ̀ fún mi. Ẹ̀yin èwe ìsinsìnyí lè má mọ bó ṣe ń rí lára. Orí mi wú, gbogbo ara mi ṣe gììrì. Ohun tó yẹ kí n ṣe ni kí n sáré gbé wọn dìde, kí èmi náà dọ̀bálẹ̀, kí n ní ẹ̀yin bàbá mi, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi. Bí mo bá sì ṣe bẹ́ẹ̀, Àyìnkẹ́ ti lọ nìyẹn.

Kò sí ọ̀nà mìíràn, àfi kí n gba orí wọn kọjá. Mo bọ́ bàtà mi. Mo gbé ẹsẹ̀ lé ẹ̀yìn ẹni àkọ́kọ́, ó rọ̀ múlọ́múlọ́, ó sì tutù. Mo mọ òtútù náà. Òtútù àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ mi ni.

"Ẹ kú àtijọ́," ó wí lábẹ́ ẹsẹ̀ mi.

"Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta," ni ẹni tó tẹ̀ lé e wí.

Bí mo ṣe ń tẹ̀ wọ́n ni wọ́n ń kí mi, wọ́n sì ń yí ọrùn tẹ̀ lé mi, ọrùn náà ń gùn sí i. Kí n tó dé òpin ìlú, ojú wọn ti yí mi ká, wọ́n sún mọ́ mi débi pé mo ń gbóòórùn ẹnu wọn, wọn kò sì yéé rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo sunkún. Èmi Ọdẹ́rìndé, mo sunkún bí ọmọ tí wọ́n gba àkàrà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ máa rẹ́rìn-ín, àgbàdo mi lẹ sáà ń jẹ.

Nígbà tí mo gbójú sókè, mo rí òkè náà. Ṣọ́ọ̀ṣì náà jókòó sórí rẹ̀, òkúta pupa ni gbogbo ara rẹ̀, agogo ńlá hàn lókè ilé ìṣọ́ rẹ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tó gòkè, wọ́n gbẹ́ àwòrán Jésù sára òkúta, bó ṣe ń gbé àgbélébùú lọ. Níbì kan ó ṣubú, níbì kan ìyá rẹ̀ wá pàdé rẹ̀. Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀, mo ní mo ti bọ́. Mo yà ní kọ̀rọ̀ kan, mo sì rí àna mi.

Bàbá Sílífẹ́sítà ló dúró síbẹ̀, bàbá Filomẹ́nà, tí èmi fúnra mi wà lára àwọn tó gbé pósí rẹ̀. Ó wọ aṣọ funfun tó máa ń wọ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi, ìlẹ̀kẹ̀ rosari wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń wò mí bó ṣe wò mí lọ́jọ́ tí mo wá tọrọ ọmọ rẹ̀.

Ẹ gbọ́, mo lè kọjá lára ẹni tó bú ìyá mi. Mo lè tẹ arúgbó tó dọ̀bálẹ̀. Àna ńkọ́? Ta nínú yín ló lè rí àna rẹ̀, kó dúró gbọnrangandan? Kí n tó ronú rárá, ìbọn mi ti wà nílẹ̀, fìlà mi ti wà lọ́wọ́, àyà mi ti kan ilẹ̀. Ara mi ló ṣe é, kò béèrè lọ́wọ́ mi.

Ilẹ̀ náà tutù. Òtútù yẹn wọ inú mi, ó gba orúnkún, ó gba itan, ó dé ikùn. Mo fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ mi kò gbà.

"Ọdẹ́rìndé," ó ní, ohùn rẹ̀ gan-an ni. "O ṣeun. Ilé ńkọ́?"

Mi ò dáhùn.

"Filomẹ́nà ńkọ́?"

Mi ò dáhùn. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé ojú rẹ̀ sún mọ́ tèmi. Kò sí èémí nímú rẹ̀. "Ọmọ ńkọ́?" ó wí jẹ́jẹ́.

Ẹ̀yin ará mi, ìgbà mélòó ni wọ́n ń bi èèyàn bẹ́ẹ̀ lójúmọ́? Ẹnu ló ń dá a lóhùn fúnra rẹ̀, èèyàn kì í ronú sí i. Ìdajì ọ̀rọ̀ ti jáde lẹ́nu mi. Mo gbá fìlà mi mú, mo ki gbogbo rẹ̀ bọ ẹnu, mo ki í títí ó fi kan ọ̀fun, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìgbọ̀nwọ́ wọ́ ara mi gòkè. Àna mi ń bá mi lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń béèrè, kò gbé ohùn sókè rárá. Ọmọ ńkọ́? Ọmọ ńkọ́? Ọmọ ńkọ́?

Òtútù yẹn kò dun èèyàn. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù. Ó kàn ń gba ara ẹni lọ́wọ́ ẹni díẹ̀díẹ̀ ni. Mo wá mọ ohun tí ojú Àyìnkẹ́ ń sọ nígbà tó ń wò wá lórí ẹní. Mo ń wọ́ lọ, mo ń pe orúkọ rẹ̀ nínú.

Níbi tí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì ti bẹ̀rẹ̀, ohùn náà dákẹ́. Mo wẹ̀yìn. Ó ti dúró, kò lè kọjá ibẹ̀, ojú tó gbé wọ̀ sì ti ń yọ̀ kúrò níbi tó fi sí. Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé kì í ṣe Bàbá Sílífẹ́sítà. Bàbá yẹn kò bi mí léèrè ilé rí ní gbogbo ayé rẹ̀.

Mo wọ́ gun àtẹ̀gùn náà dé òkè. Obìnrin kan dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì náà, ó pọn ọmọ. Aṣọ àdìrẹ ló ró, kò wọ bàtà. Mo rí inú ilé náà lẹ́yìn rẹ̀: àbẹ́là ń jó níwájú pẹpẹ, ọ̀pá àwọn arọ àti bàtà ọmọdé tí àwọn tó rí ìwòsàn fi sílẹ̀ kún ara ògiri. Ó bu omi fún mi. Mo wo omi náà, mo wo òun náà. Bí èyí bá tún jẹ́ ọ̀kan nínú wọn ńkọ́? Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú ilé, ó dúró bí onílé ṣe ń dúró, kò sì tíì bi mí ní nǹkan kan. Mo yọ fìlà lẹ́nu.

"Ẹ kú ilé o, Ìyá."

"Ẹ káàbọ̀. Ẹ kú ìrìn. Ẹ kú ewu ọ̀nà."

Ẹ ò lè mọ bó ṣe dùn tó. Ẹnu tí mo ti dì látàárọ̀ tú. Mo ní ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, mo ní ẹ kú ìdúró, mo ní ẹ kú atẹ́gùn orí òkè yìí. Ó ń dá mi lóhùn, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ilé ńkọ́?" ó ní.

"Ó wà, Ìyá."

"Ìyàwó yín ńkọ́?"

"Ó ní kí n kí yín."

"Ọmọ ńkọ́?"

"Dáadáa ló wà, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run."

"Ìyẹn dára," ó ní. "Inú mi dùn. Ẹ bá mi kí i." Ó gba igbá omi lọ́wọ́ mi, ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

Ó pẹ́ díẹ̀ kí ohun tí mo sọ tó yé èmi fúnra mi. Mo ti tẹ àwọn àgbà mọ́lẹ̀, mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé fìlà mì, mo fi ìgbọ̀nwọ́ gun òkè, mo dé iwájú ẹni kan ṣoṣo tó lè gba ọmọ mi sílẹ̀, mo sì sọ fún un pé kò sí nǹkan. Òtútù ti dé ìhà mi. Bó bá rí báyìí lára mi, báwo ló ṣe rí lára ọmọ kékeré yẹn nílé? Gbogbo iwin inú igbó yẹn pátá kò bà mí lẹ́rù tó ilẹ̀kùn tí wọ́n rọra tì yẹn.

Mo lù ú.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, Ìyá. Àlejò yín."

"Ṣé kò sí?"

"Kò sí o. Ara ọmọ náà ni... ara rẹ̀ kò yá díẹ̀."

"Ẹ pẹ̀lẹ́. Ara rẹ̀ á yá." Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń lọ sínú.

Ọ̀rọ̀ tó kù yẹn, kò sí ẹni tó sọ ọ́ rí nílé wa. A gbà pé bí a kò bá pè é, kò ní mọ ilé wa. Bí mo bá sọ ọ́ pẹ̀lú ẹnu ara mi, tó bá wá rí bẹ́ẹ̀, ta ni kí n bá wí? Ahọ́n mi wúwo ju bó ṣe wúwo lábẹ́ fìlà lọ. Mo gbé orí lé ilẹ̀kùn náà.

"Ìyá, irọ́ ni mo pa. Kò sí dáadáa kankan. Ọmọ mi ń kú lọ. Àyìnkẹ́ ń kú. Ẹ̀rù ń bà mí, ẹ̀rù ń ba ìyá rẹ̀, a ò mọ ohun tí a ó ṣe."

Mo sọ ọ́ tán, mo di ojú, mo ń retí kí ilẹ̀ là. Ilẹ̀kùn ló ṣí. Obìnrin náà jókòó tì mí lórí àtẹ̀gùn, omi wà lójú rẹ̀.

"Ọmọ mi," ó ní, kò pè mí ní ẹ̀yin mọ́, "èmi náà ti sin ọmọ rí. Kí ló dé tó fi pẹ́ tó báyìí kí o tó sọ ọ́? Ó pọ̀ nínú yín tó ń gòkè wá síbí. Wọ́n á kí mi dáadáa, wọ́n á ní kò sí nǹkan, wọ́n á sì gbé ẹrù wọn padà sọ̀ kalẹ̀."

Ó tú ọ̀já tó fi pọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, ó gbé ọmọ náà mọ́ àyà, ó fi ọ̀já lé mi lọ́wọ́. Ó gbóná.

"Lọ pọn ọmọ rẹ," ó ní. "Ohunkóhun tí wọ́n bá sọ fún ọ nílé, pọ̀n ọ́n."

Mi ò mọ bí mo ṣe dé ilé. Mo mọ̀ pé ọ̀já náà wà láyà mi, ẹsẹ̀ mi padà di tèmi, mo sì sáré. Nígbà tí mo yọ sí ojúlé wa, èrò ti pé síbẹ̀, àwọn obìnrin jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ìyá àgbà ilé wa dìde, ó dì mí lọ́wọ́ mú.

"Ọdẹ́rìndé, ṣe ọkàn akin. Ó ti sùn."

Ẹ mọ irú oorun tí wọ́n ń sọ. Filomẹ́nà jókòó sórí ìjókòó, ọmọ náà wà láyà rẹ̀, wọ́n ti fi aṣọ bò ó lójú. Kò sunkún. Ó wò mí.

"Ṣé ẹ rí i?" ó ní.

"Mo rí i."

"Kí lẹ sọ fún un?"

"Mo ní ọmọ wa ń kú."

Ìgbà yẹn ló tó sunkún. Ó dìde, ó ṣí aṣọ kúrò lójú ọmọ, mo bẹ̀rẹ̀, ó gbé e lé mi lẹ́yìn, ó fi ọ̀já náà gbá a mọ́ mi. Àwọn èèyàn ń kùn. Ẹnì kan ní ọpọlọ mi ti yí, pé kí wọ́n gba òkú ọmọ lẹ́yìn mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn yí ọgbà ká. Ó tutù lẹ́yìn mi, ó wúwo, orí rẹ̀ ń fì sọ́tùn-ún, ó ń fì sósì. Ẹ kó gbogbo ẹ̀rù tó bà mí lójú ọ̀nà jọ, kò tó ti ìrìn inú ọgbà yẹn. Filomẹ́nà ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó di àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ náà mú. A yí ọgbà náà ká, a tún yí i ká.

Mo wá gbọ́ tí nǹkan kan ń ṣàn lẹ́yìn mi. Ó gba ìbàdí mi, ó wọ inú ṣòkòtò mi. Mo dúró. Ọmọ náà ló tọ̀ sí mi lára, ìtọ̀ náà sì gbóná.

"Ẹ má dúró," Filomẹ́nà ní. "Ẹ máa rìn."

Mo ń rìn, mo ń sunkún, ìtọ̀ gbígbóná ń ṣàn dé gìgísẹ̀ mi lójú gbogbo ará ilé, mi ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á lọ́wọ́ mi, títí ó fi ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì ta mí ní ìhà pé òun fẹ́ sọ̀ kalẹ̀.